Bí A Ṣe Ń Wá Orísun Ariwo Tí A Kò Mọ Ìdí Rẹ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Sọ̀rọ̀ Lórí Fóònù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí fóònù wọn ń dún ṣìì, tàbí tó ń kùn létí wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ni ó máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe lójú ẹsẹ̀, tí wọn yóò sì sanwó sípíkà tuntun kí wọ́n tó mọ̀ pé ibòmíràn ni ariwo náà ti ń wá. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ tó ti ń wá: ọ̀dọ̀ yín ni, àbí ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, àbí nẹ́tíwọ̀kì tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

Láti mọ èyí, ẹ tún pe ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ariwo náà dún. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹlòmíràn tó wà ní àdúgbò mìíràn, tó sì ń lo nẹ́tíwọ̀kì mìíràn. Bí ẹ bá wà ní Nàìjíríà, ẹ tún lè pe 300, tí í ṣe nọ́ńbà ìtọ́jú oníbàárà lórí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì. Bí ariwo náà bá dún nínú gbogbo ìpè wọ̀nyí, fóònù yín tàbí ibi tí ẹ wà ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá pe ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń dún, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni. Ẹ má gbàgbé láti bi í bóyá òun náà ń gbọ́ ọ, nítorí pé ariwo tí ẹni kejì ń gbọ́ tí ẹ̀yin kò gbọ́, máìkì yín ni ó sábà máa ń gbé e lọ bá a.

Ohùn ara ẹni tó ń padà wá síni létí ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì lóye jù. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn ara yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé fóònù yín kò ní àbùkù kankan: ohùn yín jáde láti inú sípíkà ẹni kejì, máìkì tirẹ̀ sì tún gbé e padà sí yín. Ẹ ní kí ó pa láúdìspíkà, kí ó dín ohùn fóònù rẹ̀ kù, tàbí kí ó lo íápíìsì.

Bí ó bá wá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ni, ẹ fetí sí irú ariwo tó jẹ́. Èyí tó ń kùn hùùù láìdáwọ́dúró sábà máa ń wá láti ara ṣájà tí kò dára, nítorí náà ẹ yọ ṣájà kí ẹ tó tún pè. Èyí tó ń ta tì-tì-tì, irú èyí tí rédíò máa ń ṣe kí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó dún, ní ìdí tó yé wa dáadáa: lórí nẹ́tíwọ̀kì 2G, tí í ṣe ti àtijọ́, fóònù kì í rán ìgbì rẹ̀ jáde láìdáwọ́dúró, ó máa ń rán an ní ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà íápíìsì, rédíò tàbí sípíkà ọkọ̀ tó bá wà nítòsí yóò sì gbé e. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí wọn, kí ẹ sì tan VoLTE, ìyẹn ìpè tó ń gba orí nẹ́tíwọ̀kì 4G, nínú Settings bí fóònù àti nẹ́tíwọ̀kì yín bá ní in. Bí ohùn bá ń já, nẹ́tíwọ̀kì ni kò lágbára níbi tí ẹ wà. Ẹ súnmọ́ fèrèsé tàbí kí ẹ jáde síta. Ìpè WhatsApp yàtọ̀, nítorí pé dátà ni ó ń lò. Pípì tó ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àbùkù rárá, ẹlòmíràn ni ó ń pè yín.

Bí wọ́n bá ní ohùn yín dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, ẹ wo ihò kékeré tó wà nítòsí ibi tí a ń ki ṣájà bọ̀. Ibẹ̀ ni máìkì wà, eruku, òógùn àti ìdọ̀tí inú àpò aṣọ sì máa ń dí i. Ẹ yọ pọ́ọ̀ṣì kúrò, ẹ dojú ihò náà kọlẹ̀ kí ìdọ̀tí lè já bọ́, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun tó rọ̀, tó sì gbẹ, gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, nítorí ó lè ba máìkì jẹ́ pátápátá, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù tún ní máìkì kejì lókè, tó ń bá a dín ariwo àyíká kù. Gíláàsì tí a lẹ̀ mọ́ ojú fóònù tàbí pọ́ọ̀ṣì lè bò ó. Lẹ́yìn èyí, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ tún ya fídíò kúkúrú, kí ẹ sì gbọ́ méjèèjì. Bí ohùn bá mọ́ níbẹ̀, kì í ṣe máìkì.

Ó kù kí ẹ pa Bluetooth, kí ẹ pa fóònù kí ẹ sì tún un tàn, kí ẹ yọ áàpù tó ń gba ìpè sílẹ̀, kí ẹ sì ki síìmù yín bọ inú fóònù mìíràn. Bí ariwo bá tẹ̀ lé síìmù lọ, ọ̀rọ̀ kan iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì.

Àwọn kan gbàgbọ́ pé ẹnì kan ni ó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ wọn. Ariwo kì í ṣe àmì èyí, nítorí pé ẹni tó bá ń gbọ́ ìpè òde òní kò ní mú kí ó dún. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé wọ́n ń darí ìpè yín síbòmíràn, ẹ tẹ *#21# láti wò ó, tàbí ##002# láti fagi lé gbogbo ìdarí, títí kan ti ìfohùnsílẹ̀ (voicemail).

Nígbà tí ẹ bá ń pe iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ẹ sọ ọjọ́, aago, ibi tí ẹ wà àti nọ́ńbà tí ẹ pè, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ìfisùn. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, nọ́ńbà ìfisùn yìí ni ẹ ó mú lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá pe NCC, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà, lórí 622, tí a kì í sanwó fún.