"Book" kọ́ ló bí "boko"

Ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní Àbújá, Kàdúná tàbí Kánò á ti gbọ́ ọ: pé "boko" tí àwọn Hausa ń pe ẹ̀kọ́ òyìnbó, "book" Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ dà bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́ ọmọ.

Ojú ló ń tan èèyàn jẹ níbẹ̀, torí lẹ́tà "o" wà nínú méjèèjì. Etí ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. "U" ló ń dún nínú "book", bó ṣe ń dún nínú "cook". Ẹ wá wo ohun tí Hausa pe "cook": kuku ni, bí àwa náà ṣe ń pè é ní kúùkù. Ká ní wọ́n yá "book" ni, buku ni ì bá dà lẹ́nu wọn.

Àṣìṣe kejì ni kí èèyàn má wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí láyé àtijọ́. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Hausa tí Bargery ṣe, tó jáde ní 1934, boko ni ẹ̀tàn, ayédèrú, ṣíṣe bí ẹni tó ní ju bó ṣe ní lọ. "Amaryar boko" ni ẹni tó múra bí ìyàwó, àmọ́ tí kì í ṣe òun ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ilé-ìwé dé, lójú àwọn tó ń kọ́ Kùránì lórí wàláà, ẹ̀kọ́ ojú lásán nìyẹn, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Paul Newman, onímọ̀ èdè Hausa, tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ ní 2013. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ń pè é láìsí ẹ̀gàn nínú: Hausa tí a fi ábídí òyìnbó kọ ni boko, èyí tí a fi ábídí Lárúbáwá kọ sì ni ajami.

Nítorí náà, ẹ má túmọ̀ "boko haram" sí "ìwé jẹ́ èèwọ̀". "Ẹ̀kọ́ òyìnbó jẹ́ èèwọ̀" ló sún mọ́ ọn jù.

"Book" pàápàá kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìwé. Ní gáréèjì Jabi ní Àbújá, ẹni tó ní òun fẹ́ "book" ọkọ̀ ń gba ààyè sílẹ̀ ni. Tí rẹfirí bá "book" agbábọ́ọ̀lù, káàdì ló fún un. Orúkọ tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ni méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń túmọ̀ rẹ̀, ẹ yọ ìwé kúrò níbẹ̀.