Ohun tí ọ̀dọ́ lè mú dání lọ sí ilé ìsinmi ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwárà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Orò tàbí Ìgbájà ló ń gbé Èkó, Ìbàdàn tàbí Àbújá, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti kọ́ ilé sí ìlú wọn, tí wọ́n sì máa ń wá sinmi níbẹ̀ nígbà Iléyá, nígbà Kérésìmesì, tàbí nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ọlidé. Bí ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, tó sì ní kí o wá bá àwọn lo ọjọ́ mélòó kan, ohun tó yẹ kí o rò lẹ́yìn tí o bá ti gbàyè lọ́dọ̀ àwọn òbí tìrẹ ni ohun tí o máa mú dání fún àwọn tó fẹ́ gbà ọ́ lálejò. Kò sẹ́ni tó ń retí kí ọmọ iléèwé tàbí agùnbánirọ̀ ru ẹrù wá. Síbẹ̀, ọmọ tó wọlé onílé lọ́wọ́ òfo, tó jẹ, tó mu, tó sùn, tó sì bá tirẹ̀ lọ, ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa béèrè irú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ìyá rẹ tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n sì máa fi ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ilé ìsinmi yàtọ̀ sí ilé tí èèyàn ń gbé lójoojúmọ́, ìyàtọ̀ yìí gan-an ló sì yẹ kó darí ohun tí o máa rà. Wọ́n máa ń tì í pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Fíríìjì wà ní pípa, inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ṣófo, nígbà tí ìsinmi bá sì parí, wọ́n á tún kó gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ kúrò níbẹ̀, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà, ẹ̀bùn tó bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu ni èyí tí wọ́n á jẹ tán tàbí lò tán kí wọ́n tó ti ilé, tàbí èyí tí wọ́n lè gbé sínú mọ́tò padà láìsí wàhálà. Abọ́ tánganran, àwòrán ńlá tí wọ́n fi gíláàsì bò, aago ara ògiri, òdòdó inú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò ní bomi rin: ẹrù ni gbogbo ìwọ̀nyí máa dà fún onílé, bó ti wù kí wọ́n lẹ́wà tó.

Kí o tó na kọ́bọ̀ kan, pe ọ̀rẹ́ rẹ, kí o sì béèrè ìbéèrè tó ṣe tààrà. Ta ni ó máa wà nílé? Ṣé ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà wà níbẹ̀? Ṣé ẹnì kan wà tí dókítà ti ní kó yé jẹ ṣúgà? Ṣé wọ́n máa gbààwẹ̀ lásìkò náà? Má ṣe béèrè pé, “Kí ni kí n rà fún màmá rẹ?” nítorí “Má ra nǹkan kan” ni ọ̀rẹ́ rẹ máa fi dáhùn, kò sì ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Béèrè ohun tí ilé náà máa ń ṣaláìní nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé. Ìdáhùn sí èyí máa ń wúlò gan-an, torí pé gbogbo ẹni tó bá ti sùn ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wá iyọ̀ kiri, tí iṣáná kò sí, tí ẹ̀fọn kún yàrá, tí iná ìjọba sì ti lọ. Ọ̀dọ́ tó bá kó iyọ̀, iṣáná, ọṣẹ ìfọṣọ, ṣúgà, tíì, mílíìkì, oògùn ẹ̀fọn àti tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sínú agbọ̀n tó mọ́, ti mú ẹ̀bùn tí wọ́n máa lò kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo gbà pé kò dà bí ẹ̀bùn lójú ẹni tó ń rà á, ṣùgbọ́n ìyá tó ń ṣètò oúnjẹ fún èèyàn mẹ́wàá ní ilé tó ti wà ní títì kò ní fojú kékeré wò ó.

Bó bá jẹ́ oúnjẹ lo fẹ́ mú lọ, ohun tí ìlú tí o ti ń bọ̀ ní ni kí o mú, má ṣe ru ohun tí ìlú tí o ń lọ ní padà sí i. Ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ ànàmọ́ ni Ọ̀fà. Kò yẹ kí àlejò gbé ànàmọ́ lọ síbẹ̀. Bákan náà, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, máńgòrò ń já bọ́ lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Kwárà, torí náà má ṣe fi owó rẹ rà á. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ lè mú ẹja gbígbẹ, ará Ìjẹ̀bú lè mú gààrí, ará Abẹ́òkúta lè mú ìrẹsì Ọ̀fàdà, ẹni tó sì ń ti Kánò bọ̀ lè mú dábínù tàbí kílíṣí. Àwọn wọ̀nyí kì í tètè bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ohun tí ó bá sì ṣẹ́kù á bá onílé padà lọ.

Bó bá sì jẹ́ pé Ìlọrin lo wà, tí o fẹ́ gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá lọ sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, wàrà ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é láti ara mílíìkì màlúù. Omi ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú un dì lórí iná, kí wọ́n tó dà á sínú agbọ̀n kékeré tí omi rẹ̀ á ti ro dànù. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí o máa débẹ̀ gan-an ni kí o rà á, kí o sì ní kí wọ́n bu díẹ̀ lára omi rẹ̀ sí i nínú ike tó ní ìdérí, nítorí wàrà tútù tó bá pẹ́ nínú ooru mọ́tò máa ń kan. Bí ọ̀nà rẹ bá jìn, wàrà díndín ni kí o mú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn sí ọ. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìlọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ní Gúúsù Kwárà sì rèé, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì sábà máa ń wà nínú ilé kan náà. Má ṣe mú ọtí, ìbáà jẹ́ wáìnì tí wọ́n dì dáadáa, má sì ṣe mú ẹran tí o kò mọ ẹni tó pa á. Nígbà Ramadan, dábínù àti èso ló dára jù, kí o sì rí i pé o dé kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n lè rí i fi ṣínu. Nígbà Iléyá, ẹran á pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè jẹ lọ. Àlùbọ́sà, ata gbígbẹ àti ìrẹsì ni wọ́n nílò.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà rò, ó sì lè kó ìtìjú bá wọn. Bí ọkùnrin bá ń lọ sí ilé àwọn òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin, tí kò sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó láàárín wọn, kó má ṣe kó iṣu, oyin, obì àti orógbó wọlé. Ẹrù ìdána ni wọ́n, àwọn àgbà tó jókòó ní pálọ̀ á sì ka ohun tí kò sí nínú ọkàn rẹ̀ sí wọn. Obìnrin tó ń lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin náà ní láti ṣọ́ra kí ẹ̀bùn rẹ̀ má wúwo ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, kí wọ́n má bàa rò pé ìyàwó ló ti ń bọ̀. Bísíkíìtì, èso àti tíì kò ní ìtumọ̀ méjì.

Bí ìyá àgbà bá wà nílé, ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Nígbà ọyẹ́, tí ẹsẹ̀ àwọn àgbà ń là, òrí tó mọ́ tí o rà ní Ọjà Ọba ní Ìlọrin wúlò fún un ju aṣọ tí o kò mọ bóyá ó máa wọ̀ ọ́ lọ. Má sì gbàgbé ẹni tó ń ṣọ́ ilé. Òun ló ń gbé ibẹ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ, òun ló máa ṣí géètì fún ọ, ṣùgbọ́n àwọn àlejò kì í sábà rántí rẹ̀. Búrẹ́dì ńlá kan tó fún un.

Ní ti iye tí o máa ná, kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sọ́tọ̀, kí o sì fi díẹ̀ nínú ohun tó bá kù ra ẹ̀bùn. Má ṣe yá owó nítorí rẹ̀. Má sì ṣe fi owó sínú àpòòwé fún àwọn òbí ọ̀rẹ́ rẹ, torí àgbà ló ń fún ọmọdé lówó. Bí ọwọ́ rẹ kò bá tó nǹkan rárá, o ṣì lè bá wọn lọ sọ́jà, kí o fọ abọ́, tàbí kí o mú àwọn ọmọdé ilé lọ wo àwọn ère òkúta tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Ẹ̀sìẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, kí o sì san owó ìwọlé wọn. Ìyá tó rí wákàtí mélòó kan fi sinmi nítorí rẹ kò ní gbàgbé.

Má ṣe fa ẹ̀bùn yọ lójú àwọn àlejò yòókù. Kọ́kọ́ kí wọn, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí o jókòó, kí o mu omi tí wọ́n bá gbé fún ọ. Lẹ́yìn náà ni kí o lọ bá màmá ní ilé ìdáná tàbí ní yàrá, kí o fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, kí o sì wí pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ohun díẹ̀ tí mo mú dání nìyí.” Wọ́n lè bá ọ wí pé ta ló ní kí o náwó, kí wọ́n tó ṣàdúrà. Àmín ni kí o ṣe, má ṣe dárúkọ iye tí o rà á. Bí wọ́n bá sì bù nínú rẹ̀ fún aládùúgbò lójú rẹ, má ṣe jẹ́ kó dùn ọ́, torí ẹ̀bùn náà ti di tiwọn.

Nígbà tí o bá ń lọ, ó ṣeé ṣe kí bàbá tàbí màmá fún ọ ní owó ọkọ̀. O lè kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún nà án sí ọ, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí o gbà á. Ní ọjọ́ kejì tí o délé, fúnra rẹ ni kí o pe màmá lórí fóònù, má ṣe rán ọ̀rẹ́ rẹ sí wọn. “Ẹ ṣeun àná, mà” ti tó. Lẹ́yìn náà, gbé fóònù fún ìyá tìrẹ kí òun náà dúpẹ́, kí ìdílé náà tó ti ilé, nígbà tí gbogbo wọn ṣì jọ wà níbẹ̀.