Bí A Ṣe Ń Mọ Ìgbà Tó Yẹ Ká Jáwọ́ Nínú Títún Àlòkù Mọ́tò Ṣe

Ẹ má pinnu ọ̀rọ̀ mọ́tò ní ẹ̀bá títì. Bó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Gbọ̀ngán, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, tí oòrùn ń pa yín, iyekíye tí mẹ́káníìkì bá pè lẹ máa san, kẹ́ ẹ ṣáà lè délé. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá, tó wà nínú ọgbà yín, ni kẹ́ ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sì sọ pé: tó bá dé ibi báyìí, ó tó gẹ́ẹ́.

Ìwé lẹ kọ́kọ́ máa rà, kì í ṣe páàtì. Ẹ kọ ọjọ́, ohun tó bàjẹ́, iye páàtì àti owó iṣẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ má gbàgbé owó kòròpé àti ọ̀kadà tí ẹ ń wọ̀ láti Òkè-Báálẹ̀ dé Ọláìyá ní Òṣogbo lọ́jọ́ tí mọ́tò wà lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì, nítorí mọ́tò náà ló jẹ ẹ́. Owó ńlá kì í fara pamọ́. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún lónìí, ẹgbẹ̀rún méje lọ́tùn-únla ló ń jẹni run láìfura. Tó bá tó oṣù mẹ́fà, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya àìsàn rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Táyà, bátìrì, búréèkì, plọ́ọ̀gì, bẹ́líìtì, ṣọ́ọ̀kì àti búṣì, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ. Mọ́tò tuntun náà ń pààrọ̀ wọn, gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà wa kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ má torí wọn ta mọ́tò. Ẹ́ńjìnì, gíà, àti ṣásì tó gbé gbogbo ara mọ́tò ró ni kó máa bà yín lẹ́rù.

Ẹ lè yẹ wọ́n wò fúnra yín. Ní àárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó taná sí i, ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, kẹ́ ẹ tún fà á. Bí ọ́ìlì ibẹ̀ bá funfun bíi tíì oní-mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ ṣí rédíétọ̀ náà wò nígbà tó ṣì tutù (ẹ má dán an wò tó bá gbóná o, omi rẹ̀ lè bó èèyàn lójú), bóyá ọ́ìlì ń léfòó lójú omi. Kí ẹnì kan wá taná sí i, kẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn. Èéfín funfun díẹ̀ tó pòórá kíá ní àárọ̀ ọyẹ́ kì í ṣe nǹkan. Èyí tó nípọn, tí kò dáwọ́ dúró, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, ó jọ pé tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, ti lọ. Èéfín aláwọ̀ búlúù: ẹ́ńjìnì ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín dúdú: epo ló ń pọ̀ jù, ìyẹn sì sábà máa ń rọrùn láti tún ṣe. Tó bá jẹ́ gíà aláìfẹsẹ̀tẹ̀ (ọtomátíìkì), ọ́ìlì rẹ̀ sábà máa ń pupa nígbà tó bá dára. Tó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jó, tí ẹ bá sì ki gíà tán tí mọ́tò ń rò ó kó tó gbéra, owó ńlá ń bọ̀.

Lójú tèmi, ẹ lè tún tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ti gbóná gan-an, orí ẹ́ńjìnì a máa tẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀ kó lè tẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, tí omi tún ń sá lọ, èmi á jáwọ́. Ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ rà dípò rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí. Ẹ má rà á, àyàfi tí gíà àti ara mọ́tò bá le koko.

Ẹ fura o, nígbà mìíràn mẹ́káníìkì ló yẹ ká pààrọ̀, kì í ṣe mọ́tò. Ẹni tó ní “ẹ jẹ́ ká gbìyànjú èyí wò” nígbà mẹ́ta, àbá ló ń dá. Ẹ gbé e lọ bá ẹlòmíràn kó fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì wọn kọ̀mpréṣàn, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ san owó àyẹ̀wò nìkan, kẹ́ ẹ sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹ ò ní gbé iṣẹ́ náà fún un. Ọ̀gá tó máa wo ojú oníbàárà rẹ̀ kó ní “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ tà á” ṣọ̀wọ́n. Oúnjẹ rẹ̀ ló ń lé lọ yẹn.

Ìṣirò ló kù. Ẹ béèrè iye tí wọ́n máa rà á bó ṣe wà yìí, iye tí wọ́n máa rà á tó bá ti yá, àti iye àtúnṣe. Ká ní wọ́n ń san 1,200,000 náírà báyìí, àtúnṣe jẹ́ 900,000, tó bá sì yá, 1,600,000 ni. Ẹ fẹ́ ná 900,000 kí 400,000 lè gorí owó rẹ̀. Bí kò bá ní gbé yín fún ọdún kan ó lé láìyọnu, ẹ tà á. Owó tí ẹ ti ná sẹ́yìn kò sí nínú ìṣirò yìí, ibẹ̀ ló sì ti máa ń dun èèyàn: “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra rédíétọ̀ tuntun sí i!” Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, iye páàtì kò dúró sójú kan, nítorí náà ẹ béèrè owó tọjọ́ náà gan-an. Àlòkù mìíràn tí ẹ fẹ́ rà náà ti wọ́n, yóò sì gbé àìsàn tirẹ̀ wá. Ẹ má ná gbogbo owó yín tán lórí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ṣásì ló ti dípẹtà débi pé ó ń ya, tàbí tí ìdarí kò dúró, ẹ má ṣírò ohunkóhun. Ẹ má kó ọmọ sínú rẹ̀ mọ́.

Tí ẹ bá ń tà á, ẹ sọ àìsàn rẹ̀ fún oníbàárà, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti aago tó gbé e lọ sínú ìwé àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé ó yí orúkọ tó wà lórí ìwé mọ́tò padà. Tí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ rà á lódindi, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tó ń ta páàtì àlòkù kẹ́ ẹ tó pe onírin, nítorí ìwọ̀n irin nìkan ni ti onírin. Kó tó dé, ẹ ti yọ bátìrì.