Ìṣùpọ̀ Ìràwọ̀ Ò Hàn Nínú Awò Mi: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Mo ti dáhùn àwọn ìbéèrè yìí títí ẹnu fi ń ro mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó sọ pé awò awọ̀nàjíjìn yín ti bàjẹ́.

Òkùnkùn biribiri ni mo rí.
Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀.

Ó wà nínú awò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí nínú awò ńlá.
Àwọn méjèèjì ò kọjú síbì kan náà. Lọ́sàn-án, ẹ fi awò ńlá wo orí òpó tó jìnnà, kẹ́ ẹ yí síkúrù awò kékeré títí á fi bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ má kọ ọ́ sí oòrùn láéláé; ó ń fọ́ni lójú.

Ó ń hàn tẹ́lẹ̀, ó wá ń ṣú díẹ̀díẹ̀.
Ìrì ti sẹ̀ sí lẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta péré ni mo rí nínú Pleiades, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó fẹ̀ gan-an lójú ọ̀run.
Ẹ ti sún un mọ́ra jù. Kí ló dé tó jẹ́ lẹ́ǹsì ojú (èyí tí à ń gbé ojú lé) tó ń sọ nǹkan di ńlá jù lọ ni gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ mú? Pleiades fẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta òṣùpá àrànmọ́jú lọ. Nínú awò tí ìmọ́lẹ̀ ń rin 750 mm kó tó para pọ̀ sójú kan, lẹ́ǹsì 25 mm á sọ ọ́ di ìlọ́po 30, ẹ ó sì rí i dáadáa. Lẹ́ǹsì 10 mm á sọ ọ́ di 75, á sì gé èyí tó pọ̀ jù dà nù.

M13, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tó jìnnà gan-an, kàn dà bí èéfín.
Nínú awò awọ̀nàjíjìn tí kò tóbi, bó ṣe máa rí nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn ju 20,000 ọdún lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ dúró nínú òkùnkùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìwo fóònù, kẹ́ ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ẹ má tẹjú mọ́ àárín.

Ṣùgbọ́n awò tèmi, èmi tí mò ń dáhùn yìí, ní dígí méjì nínú, èyí ńlá fẹ̀ tó 200 mm, èéfín náà ni mo ṣì ń rí, oṣù lórí oṣù. Mo tún dígí méjèèjì tò kí wọ́n lè kọjú síra, pàbó. Mo gbé awò síta ní wákàtí kan ṣáájú kó lè tutù, pàbó. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo kọ ọ́ sí Vega, ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ gan-an: ìràwọ̀ náà ní igun mẹ́ta! Mo tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn igun náà ò yí. Mo yí lẹ́ǹsì po, wọn ò kúrò lójú kan. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ojú mi, kì í ṣe lẹ́ǹsì, dígí ńlá ni. Nígbà tí mo tú ìdí awò, irin mẹ́ta tó di dígí náà mú ti fún un pinpin. Mo dẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ewé ìwé kan fi lè kọjá láàárín irin àti dígí. Lálẹ́ ọjọ́ náà Vega rí róbótó, etí M13 sì túká sí ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ lójú mi. N kò tíì gbàgbé alẹ́ yẹn.

Eruku wà lójú dígí mi, ṣé kí n nù ún?
Rárá! Eruku díẹ̀ ò dí ìràwọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ aṣọ á ha ojú dídán tín-ín-rín tí wọ́n fi bo dígí náà. Bí ojú dídán náà bá ti ń ṣí, ẹ gbé e fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ dígí awò jẹun. Òun nìkan ló lè tún un bò.