Bí A Ṣe Ń Ṣírò Èrè àti Àdánù Òfin Tí Ń Dín Súnkẹrẹ-Fàkẹrẹ Ọkọ̀ Kù

Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fẹ́ gbé òfin kalẹ̀ láti dín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kù ní Lágere tàbí ní Sábó, nílùú Ilé-Ifẹ̀, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ti awakọ̀ tó fọwọ́ sí i, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ iye tí ìdúró ojú kan ń ná wọn. Ẹ dúró sétí títì nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá ń jáde, kí ẹ ka ọkọ̀ tí ó kọjá láàárín wákàtí kan, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ kòrópe iye ìgbà tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lójúmọ́ bí ọ̀nà bá já gaara, àti iye ìgbà tí ó máa ń jẹ́ bí ó bá dí. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni owó tí ń ṣègbé. Epo tí ọkọ̀ ń jó lórí ìdúró wà lọ́tọ̀, ó sì túbọ̀ ń dunni láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ẹ má gbàgbé èéfín, nítorí pé alákàrà etí títì ni ń fà á símú, owó oògùn ikọ́ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé ìṣírò ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹni tí ẹrù òfin náà yóò já lé lórí. Bí wọ́n bá ní kí kòrópe má dúró níwájú ọjà Odò-Ògbè mọ́, owó alábàárù yóò gun orí iye ọjà, ẹni tí ó rà á ni yóò sì san án. Bí wọ́n bá lé ọ̀kadà kúrò lójú títì, ọrùn ẹni tí ó gba alùpùpù lórí àdéhùn àsandíẹ̀díẹ̀ ni gbèsè yóò há sí. Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí ni owó ṣọ́ọ̀bù: bí ọ̀nà bá là tí oníbàárà sì ń rọ́ wá, onílé yóò fowó lé e nígbà tí àdéhùn bá parí, èrè tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti ọlọ́jà yóò sì bọ́ sápò onílé. Ẹ bá onílé sọ ọ́ kí òfin tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti gbígba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tí ó bá wọ àárín ìlú, Singapore bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1975. Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2003 pẹ̀lú pọ́n-ùn 5 lójúmọ́, òfin sì dè é pé ètò ìrìnnà ni èrè owó náà gbọ́dọ̀ bá lọ. N kò rò pé Ifẹ̀ nílò irú owó bẹ́ẹ̀, níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì agbèrò nìkan ti tó awakọ̀ í rù. Ìlànà ìdánwò Stockholm, olú-ìlú Sweden, ni kí a yá lò: wọ́n fi bọ́ọ̀sì kún ti tẹ́lẹ̀, wọ́n dán òfin gbígba owó tiwọn wò láti oṣù kìíní sí oṣù keje ọdún 2006, ọkọ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, lẹ́yìn náà ni àwọn ará ìlú dìbò lé e lórí.

Bí ẹ bá ń ṣe ìdánwò tiyín, ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ àti wákàtí kan náà ni kí ẹ máa ka ọkọ̀. Ẹ má sì ṣe é nígbà tí Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá wà ní ìsinmi, nítorí pé ọ̀nà yóò ti ṣófo fúnra rẹ̀, ẹni tí ó gbé òfin wá yóò sì sọ pé òfin ló ṣe é.