Bí mo ṣe tú kóòdù ara àwọn kúkà olówó gọbọi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń tún ilé ìdáná wọn ṣe. Wọ́n ti ṣa kúkà ńláńlá méje jọ, wọ́n wá fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí mi: "Bá mi wò ó, káfíńtà fẹ́ mọ àyè tí yóò fi sílẹ̀." Kò sí àwòrán, kò sí ìwọ̀n. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju DF48650G, VGR5366BSS, PROF366DFSROT, HR 1936 DF, Château 150, Cluny 1000, àti Thermador àlòkù kan tí wọn kò kọ nọ́ńbà rẹ̀ rárá.

Mo kọ́kọ́ mú DF48650G. Ti ilé iṣẹ́ Wolf ni, tiwọn ló sì rọrùn jù láti tú. Mo fi bírò gé e sí wẹ́wẹ́ lórí ìwé: DF, 48, 6, 50, G. DF túmọ̀ sí pé gáàsì ló wà lókè, iná mànàmáná ló ń mú ọ́fùnù gbóná. Ká ní GR ló wà níbẹ̀ ni, gáàsì ni tòkè-tilẹ̀. 48 ni ìbú rẹ̀ ní íǹṣì, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 122. 6 ni iye ojú iná. 50 kò kan káfíńtà. Àwọn tó jáde ṣáájú rẹ̀ kò ní i, DF486G lásán ni wọ́n ń jẹ́. G tó kẹ́yìn ni irin pẹlẹbẹ tí a lè dín nǹkan lórí rẹ̀ láìlo páànù.

Bí o bá ti gé e báyìí, wàá rí i pé DF48450CG kò kéré sí i bí nọ́ńbà náà ṣe jọ pé ó kéré. Ìbú kan náà ni. Ojú iná mẹ́rin ló ní dípò mẹ́fà, wọ́n sì fi C, irin asẹ́ tí a fi ń sun ẹran, dí àyè méjì tó ṣófo. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ lóríṣiríṣi lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ rà á tìtorí pé ó rí C níbẹ̀.

VGR5366BSS ti Viking ni ojú máa ń tàn jù. Ojú á kàn kà á sí 53 àti 66, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìwọ̀n kankan nínú méjèèjì. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kúkà gáàsì ti Viking (VDR ni ti gáàsì pẹ̀lú iná mànàmáná). 5 dá dúró, òun ni orúkọ ìsọ̀rí tí wọ́n tò ó sí. Lẹ́yìn náà ni 36, ìbú. 6, ojú iná. SS ni irin tí kì í dípata.

PROF366DFSROT ti Bertazzoni, àwọn ará Ítálì, kò le. 36 ni ìbú, 6 ni ojú iná, DF sì ti yé wa. Ìparí rẹ̀ ni mo fẹ́ràn: RO ni pupa lédè wọn, NE dúdú, GI àwọ̀ ìyeyè, AR àwọ̀ ọsàn. Tí X bá wà níbẹ̀, irin dídán lásán ni. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá wọ́n mọ̀ pé kúkà pupa ni wọ́n yàn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ dáadáa.

HR 1936 ti Miele ló mú mi jókòó pẹ́. Ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 36 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe 36 ìparí yẹn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo HR 1956: kì í ṣe íǹṣì 56, 48 ni. Mo to HR 1724, HR 1936 àti HR 1956 lé ara wọn lórí, mo wá rí i pé nọ́ńbà kẹta ló ń sọ ìbú (2 fún íǹṣì 30, 3 fún 36, 5 fún 48). Ẹni tó bá kà á bíi ti Wolf á gba HR 1936 nípa oríire, HR 1956 á sì dójú tì í.

Àwọn ará Faransé ní tiwọn kì í lo kóòdù, orúkọ ni wọ́n ń fún kúkà. Château 150 ti La Cornue jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150. Cluny 1000 ti Lacanche, tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní Burgundy sọ, jẹ́ mìlímítà 1000. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi ló kéré jù: mítà kan péré ni Cluny, Château jẹ́ mítà kan àbọ̀. Mo fi pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé fún káfíńtà.

Thermador àlòkù yẹn, mo ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ìwé àlẹ̀mọ́ ara rẹ̀. PRD486 ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "E-Nr": gáàsì àti iná mànàmáná, íǹṣì 48, ojú iná mẹ́fà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni FD 9803, nọ́ńbà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, wà. Ilé iṣẹ́ kan náà tó ni Bosch ló ni Thermador, ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń kọ ọjọ́: fi 20 kún nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́. 98 pẹ̀lú 20 jẹ́ 118, ọdún 2018 nìyẹn. 03 ni oṣù kẹta. Ẹni tó ń tà á ti ní kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Ohun tí mo tẹnu mọ́ jù fún ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ìbú, irú gáàsì ni. LP lẹ́yìn nọ́ńbà Wolf tàbí ti Viking ni gáàsì inú sílíńdà. Bí kò bá sí i, ti inú páìpù ni wọ́n ṣe é fún. Ní ìwọ̀n kan náà, agbára gáàsì sílíńdà tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ti páìpù, ìdí nìyẹn tí ihò tó ń gbà jáde fi gbọ́dọ̀ kéré. So kúkà páìpù mọ́ sílíńdà láìpààrọ̀ ihò yẹn, iná á ga fìrìfìrì, ìdí ìkòkò á dúdú kirikiri. Kò sí LP lára èyíkéyìí nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, sílíńdà sì ni wọ́n ń lò.

Wọ́n ti yọ Château kúrò, ògiri wọn kò gbà á. Wọ́n ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ta èyí tó kù láti béèrè ti gáàsì. Bertazzoni pupa ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè.