Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ti nọ́ọ̀kì, àṣé wáyà ẹ́ẹ̀tì ni

Mo ti ra bátìrì tuntun, mo ti ra sítátà, mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè gbà, mo sì ti ń wá owó ẹ́ńjìnnì kiri kí n tó mọ̀ pé wáyà ẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, tí kò gùn tó apá mi, ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Bátìrì mi àtijọ́ kò ṣe nǹkan kan. Sítátà náà kò ṣe nǹkan kan.

Mo ń wa ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́ ni ẹ́ńjìnnì kú. Kò kọ́kọ́ kọsẹ̀, kò rú èéfín, kò sì gbóná jù. Ó kàn kú fin-ín bí ìgbà tí èèyàn bá pa iná. Mo yí kọ́kọ́rọ́, iná dáṣíbọọ̀dù tàn rekete, ẹ́ńjìnnì dún "kọ́!" lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Mẹkáníìkì tí mo pè tẹ́tí sí i, ó ní bátìrì ni. A gbé tuntun sí i, "kọ́!" náà ló ń dún. Ó ní sítátà ni nígbà náà. A pààrọ̀ rẹ̀, "kọ́!" náà ni. Ìgbà yẹn ló wá gbọn orí, ó ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ìyẹn ni pé ó ti gan, kò lè yí mọ́, kí n lọ wá òmíràn. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò fi mítà tí a fi ń wọn iná kan ibì kankan.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀kì yẹn ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò fúnra mi, torí kò ṣòro láti mọ òótọ́ ibẹ̀. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo gbé jíà sí fíríì, mo ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ nọ́ọ̀tì ńlá àárín púlì ìsàlẹ̀, mo sì fà á bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ó wúwo, àmọ́ ó yí. Mo yí i po ẹ̀ẹ̀mejì gbáko, kò há níbì kankan. Ẹ́ńjìnnì tó ti gan kì í yí bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn, inú sì bí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí ó ti wá dá mi dúró nìyí. Mo yá mítà. Bátìrì gbé fóòtì 12.6, ó kún nìyẹn. Àbúrò mi jókòó sídìí kọ́kọ́rọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n yí i?" Ó yí i, mítà sọ̀ kalẹ̀ sí 12.4 péré. Ó yẹ kí ojú mi ti là níbẹ̀: bí sítátà bá ń fa iná bó ṣe yẹ, bátìrì á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 10. Bí kò bá já, iná kò lọ ni. Ṣùgbọ́n mo fi ẹnu mítà kan orí bátìrì tí ó jẹ́ nẹ́gétífù, mo fi èkejì kan ara ọkọ̀, mo rí òdo, mo wá sọ pé ẹ́ẹ̀tì dáa. Gbólóhùn yẹn gba odindi ọ̀sán lọ́wọ́ mi. Mo yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo pààrọ̀ rílè, súìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn, mo wọn wáyà kékeré tó ń bọ̀ láti ìdí kọ́kọ́rọ́ wá sí sítátà. Gbogbo wọn ló pé. Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọwọ́ mi ló rí i, kì í ṣe mítà. Mo ń na ọwọ́ sí tọ́ọ̀ṣì tó bọ́ nígbà tí ọwọ́ mi kan okùn irin tín-ín-rín tó so tọ́rótù, ìyẹn ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó gbóná. Ẹ́ńjìnnì tí kò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, kí ló ń mú okùn rẹ̀ gbóná? Iná tó ń wá ọ̀nà padà sílé, sí bátìrì, ni! Ara ọkọ̀ àti ara ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ohun kan náà. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, àwọn ẹ́ńjìnnì síìtì wọ̀nyẹn, iná kì í sì í gba inú rọ́bà kọjá. Wáyà nípọn kan ló so méjèèjì pọ̀, òun ni wáyà ẹ́ẹ̀tì. Mo fi ẹnu mítà kan irin ẹ́ńjìnnì gan-an lọ́tẹ̀ yìí, èkejì wà lórí nẹ́gétífù bátìrì. "Yí i!" Mítà fò sókè sí 11. Kò yẹ kó kọjá ìdajì fóòtì kan.

Mo mú wáyà tí a fi ń jọ́ọ̀pù ọkọ̀, mo so ó láti orí nẹ́gétífù bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì. Àbúrò mi yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo pariwo débi pé ọ̀fun dùn mí.

Abẹ́ àpótí fílítà afẹ́fẹ́ ni wáyà ẹ́ẹ̀tì náà sá pamọ́ sí. Rọ́bà rẹ̀ mọ́ lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọ̀bẹ là á, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ló dà jáde, okùn bàbà bíi mẹ́rin ló ṣẹ́kù tó so ó ró. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mi náà, orí ẹ́ńjìnnì ló ti ń gba ẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí ó fi kú lójijì. Mo fi sáńpépà ha ojú irin ibi tí bóòtù ń jókòó sí títí ó fi ń dán, mo sì de tuntun.

Bí tìrẹ bá dún "kọ́!" tí iná sì mọ́lẹ̀ rekete, wáyà jọ́ọ̀pù yẹn ni kí o kọ́kọ́ so kí o tó náwó kankan. Bó bá ń yí wìrìwìrì tí kò gbà, ọ̀rọ̀ epo, púlọ́ọ̀gì tàbí tíímìn nìyẹn, èmi kò bá irú ẹ̀ jà rí.

Mo gbé sítátà àtijọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lánàá, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo so ó mọ́ bátìrì àtijọ́. Ó yí fìrì.